Ayétòrò ti Ìlàjẹ: Ìlú Tí Àpò Kan Ṣoṣo Bọ́ Gbogbo Ènìyàn

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Kò sí àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Ìbàràpá, láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, láti Lánlátẹ̀ dé Tápà, títí kan Ìdèrè, Ayétẹ̀ àti Ìgàngán, tí kò mọ ìtumọ̀ òwe yìí, nítorí pé orí rẹ̀ ni àwọn baba wa gbé àáró àti ọ̀wẹ̀ kà. Bí àwọn àgbẹ̀ márùn-ún bá dá àáró sílẹ̀, wọn yóò ro oko Àjàní lónìí, wọn yóò ro ti Àkàngbé lọ́la, títí tí yóò fi kárí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìkórè bá dé, olúkúlùkù ni yóò ru iṣu àti ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ lọ sí ilé. Iṣẹ́ ni wọ́n pawọ́ pọ̀ ṣe. Èrè kò di àjọni.

Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó gba ọ̀rọ̀ náà kọjá ibẹ̀ yẹn. Ní ìlú náà, fún nǹkan bí ogún ọdún, kò sí ẹni tí ó ní owó ara rẹ̀. Ẹja tí a pa, aṣọ tí a hun, owó ọkọ̀ tí a gbà, inú àpò kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀, láti inú àpò yẹn náà sì ni oúnjẹ, aṣọ àti ilé gbogbo ènìyàn ti ń jáde. Ayétòrò ni orúkọ ìlú náà, ní etí òkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Orúkọ àti ibùdó rẹ̀

Bí a bá dárúkọ Ayétòrò létí ará Ìbàràpá, Ayétòrò ti ilẹ̀ Yewa, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ sáré lọ, nítorí pé ìyẹn ni ó súnmọ́ wọn. Èyí kọ́ ni ìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ dé Ayétòrò ti Ìlàjẹ yóò gba Ìbàdàn lọ sí Orẹ̀, yóò kọjá sí Òkìtìpupa, yóò sì dé Igbókòdá tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Ibẹ̀ ni yóò ti wọ ọkọ̀ ojú omi, nítorí pé àárín òkun àti àbàtà ni ìlú náà wà. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ kò fara sin: a máa ń sọ pé omi tòrò nígbà tí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ bá ti silẹ̀, tí ó sì mọ́ gaara. Àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó ti inú wàhálà jáde ni, wọ́n sì ń wá ibi tí ayé yóò ti tòrò fún wọn. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fún un ni "Happy City", èyí tí ó túmọ̀ sí Ìlú Ayọ̀.

Àwọn tí ó ti gba ọ̀nà yìí ṣáájú

Àwọn ará Ayétòrò kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbìyànjú irú ìgbé ayé yìí. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó ti lé ní irínwó ọdún ṣáájú wọn tí àwọn Kristẹni kan ti ń ṣe é. Àwọn wọ̀nyí ni à ń pè ní Hutterite. Ara àwọn tí kò gbà pé ó tọ́ láti ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́ ni wọ́n, nítorí náà àwọn ọba àti ìjọ àgbà gbógun tì wọ́n. Ní ọdún 1528, nǹkan bí igba ènìyàn nínú wọn kúrò ní ìlú Nikolsburg ní Moravia, tí ó jẹ́ ara ilẹ̀ Czech lónìí. Ní ojú ọ̀nà, wọ́n tẹ́ aṣọ kan sílẹ̀, olúkúlùkù sì kó ohun tí ó ní lé e lórí kí ó lè di ti gbogbo wọn. Ní ọdún 1533, Jakob Hutter, ẹni tí ń ṣe fìlà tà, di olórí wọn, ó sì fún wọn ní ìlànà tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní ọdún 1536, wọ́n dáná sun ún láàyè ní Innsbruck, ní ilẹ̀ Austria. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń jẹ́ títí di òní.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n gba Hungary àti Romania kọjá, wọ́n dé abẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà ní ọdún 1770, wọ́n sì kó lọ sí Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1874 sí 1879, nígbà tí ìjọba Rọ́ṣíà fẹ́ fi dandan mú àwọn ọmọkùnrin wọn wọ iṣẹ́ ológun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin nínú wọn kọ̀ láti wọ aṣọ ogun. A tì wọ́n mọ́ ẹ̀wọ̀n Alcatraz, méjì nínú wọn, tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò, sì kú ní ọdún 1918. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn sá lọ sí Kánádà. Lónìí, wọ́n tó nǹkan bí 50,000, àgọ́ wọn sì lé ní 500. Ní gúúsù Nàìjíríà pàápàá, àwùjọ kan wà nítòsí Abak, ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, tí ń jẹ́ Palmgrove, tí ó bá wọn ṣe pọ̀ nígbà kan.

Ìwé kan náà ni àwọn Hutterite àti àwọn ará Ayétòrò dì mú. Ní ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí kejì àti orí kẹrin, a kà nípa àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní Jerúsálẹ́mù tí wọ́n ta ilẹ̀ àti ilé wọn, tí wọ́n kó owó rẹ̀ sí ẹsẹ̀ àwọn àpọ́sítélì, tí a sì ń pín in gẹ́gẹ́ bí àìní olúkúlùkù. Ọ̀pọ̀ Kristẹni ló ń ka ibẹ̀ bí ìtàn. Àwọn wọ̀nyí kà á bí òfin.

Bí a ṣe tẹ Ayétòrò dó

Ní ọdún 1925 ni Mósè Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́, àti Krìstíánà Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Ẹ̀sìn aládùúrà yìí tàn kálẹ̀ kíákíá, kò sì pẹ́ tí ó fi dé àárín àwọn apẹja Ìlàjẹ. Àwọn tí ó gbà á níbẹ̀ kọ̀ láti bá àwọn ará ilé wọn bọ òòṣà mọ́, wọ́n sì dojú ìjà kọ àwọn àṣà tí wọ́n kà sí ìwà ìkà. Èyí tí ó gbóná jù nínú ìtàn wọn ni pípa ọmọ tí a bí ní ìbejì.

Ọ̀rọ̀ yìí yóò ya àwọn ará Igbó-Ọrà lẹ́nu, nítorí pé ìlú tiwọn ni gbogbo ayé mọ̀ sí ìlú ìbejì, níbi tí kò ti sí agboolé tí kì í bí wọn, tí a sì ń ṣe ayẹyẹ ńlá fún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà mọ̀ pé ìgbà kan wà, ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, tí a ka ìbejì sí èèmọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gẹ̀ wọ́n. Ní àwọn ibì kan létí òkun, àṣà àtijọ́ náà pẹ́ kí ó tó kúrò nílẹ̀.

Àwọn aládùúrà náà kò dákẹ́, àwọn alágbára ìlú náà kò sì gbà fún wọn. A lù wọ́n, a fìyà jẹ wọ́n, a sì fà wọ́n lọ sí ilé ẹjọ́. Nígbà tí ó di oṣù kìíní ọdún 1947, àwọn kan nínú wọn pinnu pé àwọn yóò jáde láàárín wọn. Ibi tí wọ́n forí lé kò wu ẹnikẹ́ni: ilẹ̀ ẹrẹ̀ létí òkun ni, tí omi ń bò, tí kò sí oko tí a lè dá síbẹ̀, tí kò sì sí ọ̀nà tí ó dé ibẹ̀. Wọ́n gbé òpó igi nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n kọ́ ilé pákó lé e lórí, wọ́n sì fi pákó ṣe ojú pópó láti ilé dé ilé. Wọ́n pe ara wọn ní Àwùjọ Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́.

Wọ́n fi ọba jẹ láàárín ara wọn, oyè rẹ̀ sì ni Ògeloyìnbó. Ọba yìí yàtọ̀ sí ọba tí Yorùbá mọ̀. Òun ni olórí ìlú, òun ni olórí ìjọ, òun náà sì ni ọ̀gá àgbà lórí gbogbo iṣẹ́ àti gbogbo owó. Ohun tí ó bá sọ ni a gbà pé Ọlọ́run ni ó sọ ọ́. Ìgbàgbọ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbà pé ẹni tí ó bá jẹ́ Àpọ́sítélì tòótọ́ kò ní kú.

Ìgbé ayé inú àpò kan

Ní ìbẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù ń pa ẹja tirẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ẹni tí ó wá pẹ̀lú ọkọ̀ àti àwọ̀n ń jẹun, nígbà tí ẹni tí wọ́n gba ohun ìní rẹ̀ nígbà inúnibíni kò rí jẹ. Nítorí náà, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ìlú ni ọkọ̀, àwọ̀n ìlú ni àwọ̀n, ẹja ìlú sì ni ẹja. Àwọn tí ń pa á kò gba owó iṣẹ́. Àwọn tí ń yan án àti àwọn tí ń gbé e lọ sí ọjà kò mú èrè kankan sọ́wọ́. Gbogbo owó ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn alábòójútó, àwọn ni wọ́n sì ń ra ohun tí ìlú nílò.

A pín iṣẹ́ sí ẹ̀ka-ẹ̀ka. Ẹ̀ka ẹja wà, ẹ̀ka ọkọ̀ wà, ẹ̀ka gbẹ́nàgbẹ́nà, ti aṣọ híhun, ti télọ̀, ti ọṣẹ, ti búrẹ́dì, ti bàtà, àti ti aṣọ fífọ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ṣe pàtàkì ní ibì kan, a lè kó ènìyàn láti ẹ̀ka mìíràn lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń béèrè iye tí a óò san. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ipa omi tí àwọn ọkọ̀ ń gbà wọ ìlú náà láti ọ̀nà ọ̀sà. Iṣẹ́ tí kò bá ṣeé ṣe fún ènìyàn kan títí ayé rẹ̀, ọwọ́ púpọ̀ sọ ọ́ di ohun tí a parí.

Ètò náà kò dúró sórí owó nìkan. Àwọn ọkùnrin ń gbé ní apá kan ìlú, àwọn obìnrin ń gbé ní apá kejì, títí kan àwọn tí wọ́n jẹ́ tọkọtaya. Ìgbà kan tilẹ̀ wà tí a fi òfin de ìgbéyàwó pátápátá, kí a tó dá a padà. Àwọn ọmọ kì í dàgbà lọ́wọ́ ìyá àti bàbá tí ó bí wọn nìkan. Ìlú ni ó ń tọ́ wọn, a sì tètè máa ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́. Èrò tí ó wà nídìí èyí yé ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ agboolé Yorùbá: ẹni tí ó bá ní ọmọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi fẹ́ ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún ọmọ náà. Àwọn Hutterite kò dé ibẹ̀ yẹn. Ní tiwọn, ọkọ àti aya ń gbé inú yàrá kan pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ilé ìdáná àti ilé oúnjẹ ni ó jẹ́ àjọni. Ìyàtọ̀ kékeré kọ́ ni èyí, a ó sì rí i níwájú.

Ọrọ̀ orí omi

Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ìlú tí a kọ́ sórí ẹrẹ̀ ti di ohun ìyanu. Láàárín àwọn ọdún 1950, Ayétòrò ti ní ẹ̀rọ amúnáwá tirẹ̀, iná mànàmáná sì ń tàn níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń fi àtùpà ríran. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi akérò tí ń náwó wọlé láti etí òkun dé àwọn ìlú òkè. Wọ́n kan ọkọ̀ fúnra wọn. Wọ́n ra ọkọ̀ ńlá tí a fi ń pẹja lójú agbami. Wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́ wọn lọ sí òkè òkun láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, àwọn ọ̀dọ́ náà sì padà wá fi ìmọ̀ wọn sin ìlú.

Ọ̀mọ̀wé ará Kánádà kan, Stanley Barrett, lọ gbé láàárín wọn láti ṣe ìwádìí, ó sì tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa wọn ní ọdún 1977, "The Rise and Fall of an African Utopia". Nínú ìwé náà, ó fi orúkọ ìlú náà pamọ́. Olówó ni ó pè é. Ìbéèrè tí ó gbé dìde ni pé kí ni ó sọ àwọn apẹja tálákà wọ̀nyí di ọlọ́rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò yára dáhùn pé ẹ̀sìn ni: wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣiṣẹ́, wọn kò fi owó ṣòfò. Ṣùgbọ́n Barrett fi ìlú náà wé ìlú mìíràn tí kò jìnnà sí i. Ẹ̀sìn kan náà ni àwọn ará ìlú kejì ń ṣe, omi kan náà ni wọ́n ń pẹja nínú rẹ̀, wọ́n sì ti rí inúnibíni bákan náà. Síbẹ̀, tálákà ni wọ́n. Ohun tí wọn kò ní ni àpò kan ṣoṣo. Èrò Barrett ni pé àjọni náà, ju ẹ̀sìn lọ, ni ó bí ọrọ̀ Ayétòrò.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le láti lóye. Bí ogójì apẹja bá pa ẹja, tí olúkúlùkù sì mú èrè tirẹ̀ lọ sí ilé, ọ̀kan yóò fi ṣe ìsìnkú, èkejì yóò fi fẹ́ ìyàwó, ẹ̀kẹta yóò fi ra aṣọ ọdún. Kò sí ẹni tí owó tirẹ̀ yóò tó ra ẹ̀rọ ọkọ̀ ńlá. Ṣùgbọ́n bí èrè ogójì náà bá wà níbì kan, tí gbogbo wọn sì ń jẹun níwọ̀nba, ohun tí ó ṣẹ́kù yóò tó ra ọkọ̀ náà ní ọdún yìí àti òmíràn ní ọdún tí ń bọ̀. Èésú àti àjọ tí a ń dá ní ọjà Èrúwà fara jọ èyí, àyàfi pé nínú èésú, ẹni tí ó bá kan ni yóò kó owó náà lọ. Ní Ayétòrò, kò sí ẹni tí ó kó o rí.

Ikú ọba àti ìyípadà ọdún 1968

Ní ọdún 1966, ọba àkọ́kọ́ wàjà. Fún ìlú mìíràn, ọba kan lọ, òmíràn yóò sì jẹ. Fún Ayétòrò, ọ̀rọ̀ náà kọjá bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ pé Àpọ́sítélì kì í kú ti ń yìnrìn díẹ̀díẹ̀ bí àwọn ènìyàn ṣe ń kú láàárín wọn. Nígbà tí ikú wá mú ẹni tí ó jẹ́ ohùn Ọlọ́run fún wọn, òpó tí ó gbé ilé ró mì. Ẹni tí ó tẹ̀lé e lórí ìtẹ́ kò lè ní àṣẹ tí ẹni àkọ́kọ́ ní lórí ọkàn ènìyàn, nítorí pé àṣẹ yẹn kò sí nínú oyè. Inú ẹni náà ni ó wà.

Ohun mìíràn sì tún wà. Àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó fi ojú ara wọn rí ìyà, ọwọ́ ara wọn sì ni wọ́n fi kó ohun ìní wọn sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí a bí sí i kò yàn án. Wọ́n rí àwọn oníṣòwò tí ń wá láti Èkó àti Sápẹlẹ pẹ̀lú owó nínú àpò wọn. Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ tí ó lè mú owó wọlé fún wọn níbikíbi. Ìlú tí ó kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà ni ó fún wọn ní ohun tí wọ́n lè fi kúrò níbẹ̀.

Ní ọdún 1968, a fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti ṣòwò fún ara rẹ̀. Àpò kan ṣoṣo náà tú. Tọkọtaya bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pọ̀, olúkúlùkù sì ń bójú tó ilé tirẹ̀. Àwọn kan rí i bí òmìnira tí ó ti pẹ́ kó tó dé. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí a fi rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ kò dọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Àwọn tí wọ́n ti wà nípò àṣẹ mọ ọ̀nà tí owó ń gbà. Àwọn tí wọ́n ti fi ogún ọdún pẹja láìgba kọ́bọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òfo. Àwọn ilé iṣẹ́ àjọni ń dẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ẹni tí ó lè ṣe bàtà tàbí kí ó tún ẹ̀rọ ṣe fún ara rẹ̀ kò rí ìdí tí òun yóò fi ṣe é fún ìlú.

Ìdí tí ti àwọn Hutterite fi pẹ́

Ó yẹ kí a bi ara wa pé kí ló dé tí ohun tí ó tú ní Ayétòrò láàárín nǹkan bí ogún ọdún kò tíì tú láàárín àwọn Hutterite. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni pé ó ti tú rí. Ní ọdún 1819, nígbà tí wọ́n wà ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, wọ́n pín ohun ìní wọn láàárín ara wọn nítorí ìjà àti ìṣẹ́. Ogójì ọdún kọjá kí Michael Waldner, alágbẹ̀dẹ kan, tó tún un bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1859. Nígbà tí wọ́n dé Amẹ́ríkà pàápàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ̀ láti gbé nínú àgọ́. Ìdá kékeré ni ó gbà, àwọn yẹn ni wọ́n sì di gbogbo èyí tí à ń rí lónìí.

Ìdáhùn kejì wà nínú ètò wọn. Ẹnì kan kì í di ìwàásù àti àpò mú pọ̀: oníwàásù ń bójú tó ọkàn, ẹlòmíràn ń bójú tó owó, ẹlòmíràn sì ń bójú tó oko. Bí oníwàásù bá kú, àwọn ará a yan àwọn tí wọ́n rò pé ó yẹ, a sì fi kèké mú ọ̀kan nínú wọn. Ikú ẹnì kan kò lè wó ilé náà. Yàtọ̀ sí èyí, wọn kì í jẹ́ kí àgọ́ kan pọ̀ jù. Bí ènìyàn inú rẹ̀ bá ti ń súnmọ́ 150, wọn a ra ilẹ̀ sí ibòmíràn, wọn a kọ́ ilé síbẹ̀, ìdajì wọn a sì kó lọ. Báyìí ni iṣẹ́ kì í fi wọ́n àwọn ọ̀dọ́, tí gbogbo ènìyàn sì ń mọ ojú ara wọn. Ayétòrò kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Òkun wà níwájú, àbàtà wà lẹ́yìn, ìjàdù ilẹ̀ sì ń bẹ láàárín wọn àti àwọn aládùúgbò. Ìlú náà ń pọ̀ sí i níbi kan náà, lábẹ́ ọba kan náà.

Ọ̀nà àárín ní Èrúwà

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà náà gbìyànjú ohun kan tí ó jọ èyí ní ọ̀nà tirẹ̀. Láti ọdún 1959 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ káàkiri, Èrúwà sì wà lára àwọn ibi tí ó ní ọ̀kan. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni a ti wo àwòkọ́ṣe rẹ̀. Ní Ísírẹ́lì, oríṣi ibùdó méjì ni ó wà: èyí tí à ń pè ní kibbutz, níbi tí gbogbo nǹkan ti jẹ́ àjọni bíi ti Ayétòrò, àti moshav, níbi tí olúkúlùkù ti ní oko tirẹ̀ ṣùgbọ́n tí a jọ ń ra ohun èlò, tí a sì jọ ń ta irè oko. Moshav ni ìjọba yàn. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó jáde ilé ìwé ni a kó wá, a fún wọn ní ilẹ̀, ilé àti owó yíyá. Ṣùgbọ́n ìjọba ni ó pè wọ́n wá. Wọn kò fúnra wọn pe ara wọn jọ. Ọ̀pọ̀ ibùdó bẹ́ẹ̀ di ahoro bí owó ìjọba ṣe dínkù tí àwọn ọ̀dọ́ sì forí lé ìgboro. Èyí fi hàn pé ohun tí ó mú Ayétòrò gòkè kì í ṣe owó tí a fún wọn láti ìta, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fún wọn ní nǹkan kan.

Òkun dé

Lẹ́yìn tí àjọni tú, Ayétòrò kò parẹ́. Ìlú náà ṣì ní ọba rẹ̀, ó ní ìjọ rẹ̀, ó sì ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ohun tí ó wá ń lé e kúrò nílẹ̀ ní ọ̀rúndún yìí ni omi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni òkun ti ń jẹ ìlú náà wọlé. Ojú pópó lọ, ilé lọ, ilé iṣẹ́ tí àwọn baba wọn fi ọwọ́ kọ́ lọ, ibi tí a sin òkú sí náà lọ. Àwọn ìdílé kan ti kó ilé wọn sẹ́yìn ju ìgbà kan lọ, òkun sì ń tẹ̀lé wọn. Òkun gbogbo ayé ń ga sí i, etí òkun ibẹ̀ sì jẹ́ ẹrẹ̀ rírọ̀ tí kò ní àpáta kankan tí ó lè dá ìgbì dúró.

Ní ọdún 2004, Àjọ tí ń rí sí Ìdàgbàsókè Niger Delta, NDDC, gbé iṣẹ́ dídáàbò bo etí òkun náà jáde, iye owó rẹ̀ sì jẹ́ bílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ náírà. Ní ọdún 2009, a gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe àkọ́kọ́, a sì gbé e fún òmíràn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ará ìlú ṣì ń fi ẹ̀hónú hàn pé àwọn kò rí odi kankan láàárín àwọn àti òkun.

Àwọn baba tí ó tẹ Ayétòrò dó kò dúró de ìjọba kí wọ́n tó gbẹ́ ipa omi wọn tàbí kí wọ́n tó tan iná wọn. Ṣùgbọ́n odi tí yóò dá òkun dúró kọjá agbára ìlú kan, ì báà jẹ́ inú àpò kan ṣoṣo ni gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ wà. Òwe tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ń béèrè ọwọ́ tí ó pọ̀ ju ti Ìlàjẹ nìkan lọ nísinsìnyí. Bí ọwọ́ yẹn kò bá tètè dé, ìwé àti ẹnu àwọn àgbà nìkan ni àwọn ọmọ wa yóò ti máa gbọ́ nípa ìlú tí ó fi ogún ọdún gbé ayé láìsí ẹni tí ń wí pé, "tèmi nìyí."